Bí A Ṣe Ń Rin Ìrìn Òru ní Íńdíà Láìná Owó Púpọ̀

Ẹni tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó fẹ́ rí Íńdíà láìjẹ́ kí òtẹ́ẹ̀lì gba gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀, òru ni kó máa rìn. Láti Delhi dé Varanasi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 kìlómítà. Bí o bá wọ rélùwéè ní ìrọ̀lẹ́, inú rẹ̀ ni wàá sùn, ilẹ̀ á sì mọ́ bá ọ níbi tí ò ń lọ. Àmọ́ bí o kò bá rí oorun sùn, tí o fi gbogbo ọjọ́ kejì tòògbé, kí ni èrè rẹ̀? Ibi tí wàá sùn ni kí o kọ́kọ́ rò, kí o tó ro iye owó.

Mú kíláàsì. SL (Sleeper) ló pọ́ọ́kú jù nínú àwọn tó ní ibùsùn: kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, ojú fèrèsé ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, wọn kì í sì í fún èèyàn ní aṣọ ìbora. Ní 3A, ẹ̀rọ amúlétutù wà, wàá sì gba aṣọ ìtẹ́bùsùn, ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. 2A ní kọ́tìnnì, owó rẹ̀ sì ga sí i. Lójú tèmi, 3A ni kí ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ mú. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, òtútù àríwá Íńdíà kọjá ọyẹ́ tiwa. Ẹni tó wọ SL láìmú ìborùn tó nípọn dání, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n mọ́jú.

Lẹ́yìn náà, yan ibùsùn, ibí sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ní SL àti 3A, ibùsùn mẹ́ta ni wọ́n tò léra. Ti ìsàlẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń jókòó sí títí di àsìkò oorun. Ìdílé kan lè tẹ́ oúnjẹ síbẹ̀ kí ìwọ máa wò wọ́n. Ti àárín, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni òfin fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n ti òkè, ìgbà tó bá wù ọ́ ni o lè gùn ún, kò sẹ́ni tí yóò ní kí o dìde, báàgì kékeré rẹ á sì wà nígbèrí rẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé o kò lè jókòó nàró níbẹ̀. Nọ́ńbà 3 àti 6 ni ti òkè. Máa fi 8 kún un, wàá rí àwọn yòókù: 11 àti 14, 19 àti 22. Nọ́ńbà 7 àti 8 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n kúrú. Bí o bá ga, sá fún wọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ń jáde ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú, ó sì ń yára tán. Bí wọ́n bá kọ CNF sí i, o ní ibùsùn. Bí ó bá jẹ́ RAC, o lè wọkọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ àti ẹlòmíì lè jọ pín ibùsùn ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ WL, o kò tíì ní ibùsùn, ò ń dúró de ẹni tí kò ní lọ mọ́ ni. Má gbẹ́kẹ̀ lé e. Tíkẹ́ẹ̀tì pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní Tatkal máa ń ṣí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò: aago mẹ́wàá àárọ̀ fún kíláàsì tó ní amúlétutù, mọ́kànlá fún SL. Wọ́n tún ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún àjèjì. Ní ibùdókọ̀ New Delhi, mú páásípọ̀ọ̀tù lọ sí International Tourist Bureau lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àgbèrò lè dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ní ọ́fíìsì ti jóná, àbí wọ́n ti kó lọ síbòmíì. Irọ́ ni. Má tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, tún orúkọ ibùdókọ̀ kà. New Delhi, Old Delhi, Hazrat Nizamuddin àti Anand Vihar, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní Varanasi náà, ibùdókọ̀ Banaras, tí wọ́n ń pè ní Manduadih títí di 2021, yàtọ̀ sí Varanasi Junction. Nínú lẹ́tà tó wà lára ọkọ̀, S ni ti SL, B ni ti 3A, A ni ti 2A.

Ra ṣéènì dání. Tí o bá ti wọlé, fi òun àti àgádágodo de báàgì ńlá mọ́ irin tó wà lábẹ́ ibùsùn ìsàlẹ̀. Owó, páásípọ̀ọ̀tù àti fóònù kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ. Má retí pé ẹnikẹ́ni yóò jí ọ níbi tí wàá ti sọ̀. Fi áláàmù sí fóònù, kí o sì máa wo ibi tí ọkọ̀ dé lórí áàpù Where is my Train, nítorí kùrukùru oṣù Kejìlá àti Kìíní lè dá rélùwéè dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ibi tí rélùwéè kò dé, bíi Manali, ìlú kan lórí òkè, bọ́ọ̀sì ló kù. Àga tó ń rọ̀gbọ̀kú wà, ibùsùn náà wà. Bí o bá dá nìkan lọ, ra ibùsùn ẹlẹ́nì kan, àìṣe bẹ́ẹ̀ àjèjì lè dùbúlẹ̀ tì ọ́. Obìnrin lè rí àga tí obìnrin bíi tirẹ̀ ti gbà lórí redBus, áàpù tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gbọ̀n ju àárín lọ, ọ̀nà òkè sì lọ́, nítorí náà lo oògùn tó ń dènà èébì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí dírẹ́bà bá dúró níbi oúnjẹ, ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ kí o tó sọ̀: wọ́n á tó bíi mẹ́wàá, gbogbo wọn á sì jọra.

Bí o bá dé ní ìdájí, tí yàrá rẹ kò tíì ṣí, fi báàgì sí yàrá ìkẹ́rùsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Tì í pa kí o tó gbé e débẹ̀. Báàgì tí kò ní àgádágodo, wọn kì í gbà á.