Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ń ta "stem cell" kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́nì kan bá gbé páálí kápúsù wá bá yín pé "stem cell" ni (ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè pín, kó sì di ẹran ara tuntun), pé ó ń tún jíìnì ṣe (ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́), pé ó máa hu awọ tuntun síbi tíná ti jó èèyàn, ó tún máa wo orúnkún Màámi, ẹ má tíì ṣe tíráńsífà o, ẹ fi í jókòó ná.

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ibo lára mi lẹ ti fẹ́ gé?" Torí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lóòótọ́, ara aláìsàn fúnra ẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2015, ọmọ Síríà kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 wà ní ọsibítù ní Bochum, Jámánì, àrùn tí wọ́n bí mọ́ ọn ló ń bó o láwọ, ìdá 80 nínú 100 awọ ara ẹ̀ ló ti lọ. Wọ́n gé bíńtín níbi tí kò tíì bó, sẹ̀ǹtímítà 2 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, ó dọ̀dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Michele De Luca, ní Modena, Ítálì, fáírọ́ọ̀sì tí ò lè ṣeni níbi mọ́ ni wọ́n fi gbé jíìnì LAMB3 tó pé wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì inú awọ yẹn, tí stem cell wà lára wọn (jíìnì yẹn ló ń di awọ òkè mú mọ́ tìsàlẹ̀), wọ́n wá ń tọ́ wọn ní láàbù bí ẹni ń tọ́ nọ́sìrì kajú títí tó fi di awọ pẹrẹsẹ, àwọn dókítà wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára ní tíátà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, láti October 2015 sí January 2016. Ọmọ náà padà síléèwé. Èwo ni kápúsù máa ṣe níbẹ̀?

Ẹ tún bi í pé, "Jíìnì wo ló bàjẹ́?" Ẹni tómi gbígbóná dà sí lára, jíìnì ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, tó bá jinlẹ̀, awọ itan ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé lẹ̀ ẹ́. Zevaskyn, ìyẹn awọ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra ẹ̀ tí wọ́n ti tún jíìnì ẹ̀ ṣe tọ́ ní láàbù, tí Amẹ́ríkà fàṣẹ sí ní April 2025, àrùn awọ kan ṣoṣo ló wà fún. Tó bá wá ní tòun ń wo iná, ìtọ̀ ṣúgà àti rọpárọsẹ̀ pọ̀, ẹ sìn ín dé géètì.

Nọ́ńbà NAFDAC tó ń nawọ́ sí yẹn ńkọ́? Ẹ ka ara páálí dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ló kọ ọ́ wínníwínní pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Tẹ́ ẹ bá lẹ́ni tó ní egbò iná nílé, ẹ gbé e lọ LAUTECH Teaching Hospital tàbí Bowen, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ó máa nílò kí wọ́n lẹ awọ. Ẹ má sì tú kápúsù kankan sójú egbò kẹ́ ẹ tó débẹ̀, wọ́n ṣì máa kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kúrò ni, ìyẹn sì máa ń dun aláìsàn gan-an.