B-mode kún inú máàpù mi: ṣé ìgbì òòfà àtìbẹ̀rẹ̀ ayé ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí, Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Mo dáńlóòdù máàpù ojú ọ̀run tí sátẹ́láìtì Planck yà ní 353 GHz, mo fi healpy (kóòdù Python fún máàpù ojú ọ̀run) ṣírò rẹ̀, ni B-mode, ìyẹn polarization (apá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n sí) tó ń lọ́ yípo, bá kún un fọ́fọ́. Ṣé ìgbì òòfà (gravitational wave) tó ti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wá ni? Ṣé kí n lọ sọ fún olùkọ́ mi?

Ìdáhùn: Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àbúrò. Eruku lo rí.

Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ tí à ń wò yìí, CMB, gbéra nígbà tí àgbáyé ṣì jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 380,000. Ó ti tutù débi pé 2.7 K péré ló kù. Bí èròjà ṣe wọ́ jọ síbì kan ju ibòmíì lọ nígbà náà fi E-mode, èyí tí kì í lọ́ yípo, sára polarization rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá B-mode tó máa ń lọ́ yípo sílẹ̀. Ìgbì òòfà lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a. Wàhálà ibẹ̀ ni pé eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tiwa náà ń ṣe é, torí agbára mágnẹ́ẹ̀tì ti to àwọn hóró rẹ̀ kọjú sí apá kan. Bí GHz bá ṣe ń gòkè ni eruku ń tàn sí i. Ní 353, òun ló gba gbogbo ojú máàpù. Tí ọyẹ́ bá mú, tí iná mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlọrin pọ́n lójú ẹ, ṣé wàá ní iná náà ló pọ́n ni?

Àwọn ọ̀gá pàápàá ti bọ́ sí i. Ní oṣù kẹta 2014, àwọn oníṣẹ́ BICEP2 ní Òpó Gúúsù kéde pé r, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìgbì òòfà náà, tó 0.2. 150 GHz nìkan ni wọ́n fi wò ó. Kí ọdún tó parí, Planck fi hàn pé eruku apá ibẹ̀ tó láti dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀; nígbà tí ikọ̀ méjèèjì pa dátà pọ̀ ní 2015, ohun tó ṣẹ́ kù ni pé r kò ju 0.12. Ní 2021, BICEP/Keck ti fà á wálẹ̀ sí abẹ́ 0.036. Ẹni tó bá fi GHz kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lójú mi, n kì í dá a lóhùn.

Ìbéèrè: Mo ti lọ sí 143 GHz, mo sì ti bo ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí. B-mode ò lọ.

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ wo àmì U rẹ, ọ̀kan nínú máàpù polarization méjì, Q àti U. Ìlànà méjì ló wà fún àmì rẹ̀, COSMO àti IAU: COSMO ni Planck ń lò, òun náà ni healpy ń retí. Tí o bá ti yí U padà sí ti IAU, E àti B ti dàrú mọ́ ara wọn nìyẹn.

Tí U bá dára, ibi tí o bò yẹn ni. Gbàrà tí ojú ọ̀run kò bá ti pé, E máa ń jò sínú B, E sì pọ̀ ju B lọ fíìfíì. anafast, tí healpy fi ń ṣírò spectrum (agbára ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan), kò lè tún un ṣe fún ẹ. Jẹ́ kí etí ibi tí o bò rọra tẹ́ẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ gé ṣáká, kí o wá lo NaMaster, kóòdù tó ń ṣírò fún ojú ọ̀run tí kò pé, kí o tan purify_b rẹ̀ tó ń fọ B mọ́ kúrò lára E. Má sì fi máàpù kan sọdipúpọ̀ ara rẹ̀: máàpù half-mission méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìdajì àkókò iṣẹ́ Planck, ni kí o fi sọdipúpọ̀ ara wọn, kí ariwo má baà ka ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, tó bá ku nǹkan díẹ̀ tó yọ lókè ariwo, má yọ̀ jù o. Òòfà àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó wà lójú ọ̀nà máa ń tẹ E di B. South Pole Telescope ti rí ìyẹn ní 2013. Ti àtìbẹ̀rẹ̀ ayé, ẹ̀bá ℓ = 80 ni kí o wò (ℓ ni nọ́ńbà ìwọ̀n lójú ọ̀run: bó bá ṣe kéré ni ohun tí à ń wò ń tóbi).

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mi ń há, iná náà ò sì dúró.

Ìdáhùn: Nside 2048, ìyẹn bí máàpù ṣe fín tó, ló fà á: píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 50, fún I (ìmọ́lẹ̀ gan-an), Q àti U lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ara alm (àwọn nọ́ńbà tí a tú máàpù sí ní ℓ kọ̀ọ̀kan) sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Nside 128, ìyẹn tó fún ℓ = 80. Fi alm pamọ́ sínú fáìlì kí o tó bọ́ sí ìpele kejì.

Ìbéèrè: Ṣé a ò lè gbé ẹ̀rọ tiwa sórí òrùlé ká fi wò ó?

Ìdáhùn: Omi inú afẹ́fẹ́ wa kò ní jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi gun Atacama ní Chile nìyẹn, tí Simons Observatory wà lókè tó tó mítà 5,200, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ. Fi spectrum 143 àti 217 ránṣẹ́ sí mi tí o bá ti tún U ṣe.