Bí A Ṣe Gbé Ẹ̀rọ Amómigbóná Kalẹ̀ sí Ẹ̀bá Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ìdí-Àbà

Orúnkún ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta níbí, máa ń wọ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ láràárọ̀ láti na ẹsẹ̀, nítorí pé inú omi nìkan ni orúnkún rẹ̀ ti máa ń fún un ní ìsinmi. Èmi ni mo ń bá a tọ́jú omi náà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ṣe ni omi náà máa ń tutù nini. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, mo ki tẹmómítà bọ inú rẹ̀, ó sì fi dígírì 24 hàn. Màmá ní, “Ọmọ mi, bí mo bá wọ inú èyí, orúnkún tí mo fẹ́ tù nínú ni yóò tún le sí i.” Ó béèrè bóyá a lè mú un gbóná, kí a sì kọ́ ọpọ́n spa kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí omi tirẹ̀ yóò gbóná ju ti adágún lọ.

Kí n tó dá a lóhùn, mo jókòó ṣe ìṣirò. Adágún náà gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 4, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.25 bí a bá pín ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn dọ́gba, nítorí náà lítà 40,000 omi ló wà nínú rẹ̀. Láti fi dígírì kan kún ooru lítà 1,000 omi, nǹkan bí yúníìtì iná 1.16 ni yóò lọ sí i. Kí adágún yìí tó kúrò ní dígírì 24 dé 29, yóò gba nǹkan bí yúníìtì 232, láì tíì ka ooru tí afẹ́fẹ́ yóò gbà lọ. Bí a bá fi irin agbóná lásán ṣe é, irú èyí tó wà nínú kẹ́tùlù, gbogbo yúníìtì 232 náà la óò sanwó rẹ̀. Ẹ̀rọ amómigbóná tí mo ní lọ́kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní heat pump, máa ń gbé ooru kìlówáàtì 17 jáde nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru, kò sì gbà ju nǹkan bí kìlówáàtì 3 lọ lára iná, ìyẹn ni pé yúníìtì bí 41 ló máa fi ṣe iṣẹ́ kan náà. Màmá mọ iye tó ń san lórí yúníìtì kan, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kó tó gbà.

Ẹ̀rọ náà kì í dá ooru sílẹ̀. Ńṣe ló ń kó o láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì rí mọ̀ pé ó máa ń gbóná, torí ooru ara ẹran àti omi tí a kó sínú rẹ̀ ló ń tú síta níbẹ̀. Bákan náà ni heat pump ń ṣe sí afẹ́fẹ́ àyíká. Fáànù rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ kọjá lára àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí gáàsì tútù ń gba inú páìpù wọn kọjá, gáàsì náà á gba ooru inú afẹ́fẹ́, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an, lẹ́yìn náà ni yóò wá gba inú páìpù titanium tí omi adágún yí ká kọjá, tí yóò sì gbé ooru rẹ̀ fún omi. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níwájú rẹ̀ fi máa ń tutù, ìdí nìyí náà tó fi jẹ́ pé ọ̀sán Abẹ́òkúta, nígbà tí oòrùn bá mú, ni àkókò tí owó iná ń so èso jù lọ. Aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la fi í sí.

Oṣù kọkànlá ọdún tó tẹ̀lé e la gbé ẹ̀rọ náà dé láti Èkó, nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì dà á dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo gbé e nàró, mo sì fi í sílẹ̀ fún odidi wákàtí 24 kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so iná mọ́ ọn, nítorí pé òróró inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ máa ń ṣàn lọ sínú àwọn páìpù gáàsì bí ẹ̀rọ bá dùbúlẹ̀, ẹni tó bá sì tàn án kí òróró náà tó padà sáyè rẹ̀ lè ba kọ́ńpúrẹ́sọ̀ náà jẹ́ lọ́jọ́ kìíní.

Màmá fẹ́ kí a fi í pamọ́ sí abẹ́ àtẹ̀gùn, kí ó má bàa ba ẹwà ọgbà jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ní kí a fi sẹ̀ǹtímítà 50 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí iwájú fáànù sì ṣófo tó mítà 2.5, bí ó bá wà ní kọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ tútù tó tú jáde náà ni yóò tún máa fà padà. Gbangba la gbé e sí, ó jìnnà sí etí omi tó mítà 4, lórí kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, a sì tẹ́ rọ́bà sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa gbọn ariwo wọ yàrá.

Ti páìpù kò le. Omi kúrò lára pọ́ǹpù, ó gba inú asẹ́, lẹ́yìn náà ló wọ ẹ̀rọ amómigbóná, ibi tí chlorine, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi, ti ń wọ omi ló sì kẹ́yìn pátápátá. Mo fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí àárín ẹ̀rọ àti ibi chlorine, torí bí pọ́ǹpù bá dúró, omi tí chlorine rẹ̀ le koko lè ṣàn padà wọ inú ẹ̀rọ kó sì jẹ ẹ́ run. Mo fi fáàfù mẹ́ta sí i pẹ̀lú, kí omi lè yà fún ẹ̀rọ bí a bá fẹ́ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ áàtì, ìyẹn wáyà tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Ẹni tó wà nínú omi, tí ara rẹ̀ tutù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ nǹkan kan, kò ní ààbò kankan bí iná bá jò sára irin. Orúkọ ìlú wa kò sì purọ́: òkúta ló wà lábẹ́ wa. Oníná àkọ́kọ́ tí a pè bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀pá áàtì wọlẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ọ̀pá náà gùn ní mítà 1.2. Kò tíì wọlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí òòlù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà, tí ìró rẹ̀ yí padà láti “gì” sí “kaaan”, orí ọ̀pá náà sì là bí òdòdó. Ó sún síwájú, òkúta ni. Ó yà sápá òsì, òkúta ni. Ló bá ní kí a gé ohun tó kù kúrò, kí a so wáyà áàtì mọ́ nútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ṣe.

Mo kọ̀. Bí wáyà nútírà bá já lórí òpó lọ́jọ́ kan, gbogbo ara ẹ̀rọ náà, àti irin àtẹ̀gùn tí Màmá ń dì mú wọ omi, ni yóò di iná. A dá a dúró, a sanwó iṣẹ́ tó ti ṣe fún un, mo sì lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ iná, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn áàtì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, kò mú òòlù. Ó kọ́kọ́ rìn yí ọgbà ká, ó ń wo ohun tó hù. Ní ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń dà sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú gírígírí duro níbẹ̀. Ó ní, “Ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti sanra tó báyìí, ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, ó sì lómi.” Ọ̀pá mẹ́ta ló gbá síbẹ̀, ó fi àlàfo mítà 2.5 sáàárín wọn, ó fi wáyà bàbà tó nípọn so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn ló sì wọlẹ̀ dé orí. Nígbà tó wọ̀n ọ́n, óòmù 38 ló rí. Óòmù ni ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà; bí ó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó.

Óòmù 38 kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí iná fóòtì 230 bá jò sára ẹ̀rọ tí áàtì rẹ̀ jẹ́ óòmù 38, iná tí yóò gba ilẹ̀ lọ yóò tó áńpíà 6. Bíréékà ẹ̀rọ náà, tó jẹ́ áńpíà 25, kò ní mira rárá sí áńpíà 6. Iná yóò máa wà lára ẹ̀rọ náà títí ẹnìkan yóò fi fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ni bíréékà lásán kò fi tó lẹ́bàá omi. A fi bíréékà tí ń ṣọ́ iná tó ń jò sí i, èyí tí àwọn oníná ń pè ní RCD, tó máa ń já ní kíá bí ohun tó ń jò bá ti tó mílíáńpíà 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n fi wáyà bàbà so ara ẹ̀rọ, ara pọ́ǹpù àti irin àtẹ̀gùn adágún pọ̀ mọ́ra wọn, kó má sí ìyàtọ̀ iná láàárín irin kan àti èkejì. Wáyà 6mm la fi gbé iná wá láti inú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kéré sí i lè gbé e, nítorí iná àdúgbò máa ń rẹlẹ̀, a sì fi ẹ̀rọ kan sí i tí kì í jẹ́ kí iná wọlé bí ó bá rẹlẹ̀ jù, tó sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 5 bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, pọ́ǹpù la kọ́kọ́ tàn títí afẹ́fẹ́ fi jáde nínú páìpù tán, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ. Màmá ki ọwọ́ bọ ibi tí omi ti ń padà wọ adágún, ojú rẹ̀ sì fà ro. “Omi yìí kò mà gbóná.” Mo ṣàlàyé fún un pé nǹkan bí lítà 7,000 ló ń gba inú ẹ̀rọ kọjá ní wákàtí kan, pé dígírì 2 péré ló yẹ kó fi kún un ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé fi figbe ta pé ẹ̀rọ ti ń jò. Lóòótọ́, omi ti dá adágún kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀kán omi náà dáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ páìpù ló bẹ́, kò ní dáwọ́ dúró. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló di omi sára irin tútù, bí ó ṣe ń dì sára ìgò omi tútù. Mo fi ìwé àyẹ̀wò kàn án pẹ̀lú, kò sí chlorine nínú rẹ̀.

Ní ìṣirò, wákàtí 14 ló yẹ kó tó láti dé dígírì 29. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá, torí iná ń lọ, òru sì ń gba ooru padà. Nínú gbogbo ooru tó ń sá kúrò nínú adágún, èyí tí omi tó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ń gbé lọ ló pọ̀ jù. Ní òru tí a kò bò ó, omi já wálẹ̀ láti 28 sí 26. Ní òru kejì tí a fi ọ̀rá ìbòrí bò ó, kò tó dígírì kan tó lọ. A máa ń ká ìbòrí náà kúrò pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, nítorí ọmọ tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ti spa gba ìkìlọ̀ tirẹ̀. Lítà 1,500 péré ni, ẹ̀rọ yìí sì lè mú un láti dígírì 26 dé 38 láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, nítorí náà kò yẹ kí ènìyàn tàn án kó sì gbàgbé. Mo fi í sí 38, mo sì ti bọ́tìnì rẹ̀ pa; ó kù díẹ̀ kó dé 40, tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá. Màmá kì í lò ju ìṣẹ́jú 15 lọ nínú rẹ̀, kì í dá wọ̀ ọ́, nítorí omi gbígbóná lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ kí òòyì sì kọ́ni nígbà tí a bá ń dìde. Aláboyún gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, ẹni tó ti mutí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, a kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kéékèèké súnmọ́ ọn. Ihò méjì ni mo fi sí ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi, mo fi ìdérí tó yọ sókè bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2002, ihò kan ṣoṣo tó ń fa omi ló di ọmọdébìnrin ọlọ́dún 7 kan, Virginia Graeme Baker, mú sínú irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òfin ìdérí ihò tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2007. Kò sí ìgbà tí mo bá ń de ìdérí yẹn tí mi ò rántí rẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń rí i pé pH omi, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, wà láàárín 7.2 sí 7.6, torí omi kíkan ń jẹ irin. Chlorine adágún wà láàárín mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan, ti spa kì í sì í dín ní 3. Nígbà ọyẹ́, eruku dí asẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ sì dá ara rẹ̀ dúró nítorí omi tó ń wọ inú rẹ̀ kò tó. Mo fọ asẹ́, mo sì fi omi jẹ́jẹ́ fọ àwọn irin pẹlẹbẹ náà lẹ́yìn tí mo ti pa iná, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tó sán, mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kó padà wá wọn áàtì. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣì rin díẹ̀, ṣùgbọ́n óòmù 38 ti di 71. A jókòó a tún ìṣirò ṣe: pẹ̀lú RCD, 71 ṣì dára. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀, ó já ní “táà”, fáànù sì rọra dúró. A tàn án padà.