Yíyọ ọ̀rọ̀ tó ní àmì bíi ( ) àti $ nínú JavaScript

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìkànnì fún àwọn aládìrẹ Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí.

Ká ní orúkọ ọjà (name) ni "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ (₦4,500)", ẹ sì fẹ́ yọ owó kúrò. Bí ẹ bá kọ:

name.replace(new RegExp("(₦4,500)"), "")

owó á lọ, ṣùgbọ́n àkámọ́ á ṣẹ́kù: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ()". Lójú RegExp (ohun tí JavaScript fi ń wá ọ̀rọ̀ nípa bátànì), àṣẹ ni àkámọ́, kì í ṣe lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni . * + ? $ àti [. Kódà, "[" tí kò ní "]" á mú kóòdù yín dá dúró pátápátá.

Ẹ kúkú fún un ní ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà:

name.replaceAll("(₦4,500)", "").trim()

Ti àkọ́kọ́ nìkan ni replace máa ń yọ tí ẹ bá fún un ní ọ̀rọ̀ lásán. ES2021 (ẹ̀dà JavaScript ti ọdún 2021) ni replaceAll bá dé. Bí bùráúsà bá ti pẹ́, name.split(x).join("") á ṣe é (x ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ yọ).

Èyí tó ká mi lára jù ni àmì ohùn wa. "Òṣogbo" méjì lè jọra lójú, kí kọ̀ǹpútà má rí wọn bí ọ̀kan, torí pé "Ò" lè jẹ́ kóòdù ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ "O" pẹ̀lú àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. "ṣ" náà bẹ́ẹ̀. Ẹ lo .normalize("NFC"), tó ń sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì di ọ̀kan náà, sí ọ̀rọ̀ méjèèjì, èyí tí ẹ ń wá àti èyí tí ẹ ń wá a nínú rẹ̀, kí ẹ tó yọ ohunkóhun.