Bí Mo Ṣe Rí Ẹ́ńsáìmù Tó Ń Tú Nitric Oxide Nínú Ẹ̀dọ̀ Adìẹ

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ọjà Oyingbo, torí ẹ̀dọ̀ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo fẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án." Mo gbé e sínú kúlà tó kún fún áìsì. Ooru a máa ba ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá, jẹ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ títí mo fi dé láàbù ní Akoka.

Nitric oxide, gáàsì kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, a máa lẹ̀ mọ́ imí-ọjọ́ tó wà lára cysteine, ọ̀kan nínú àwọn ègé tó para pọ̀ di purotéènì, á sì yí iṣẹ́ purotéènì náà padà. Dandan ni kí ohun kan máa tú u. Thioredoxin, purotéènì kékeré kan, a máa já a kúrò lára purotéènì gan-an. GSNOR, tó jẹ́ ẹ́ńsáìmù, ní tirẹ̀ ò fọwọ́ kan purotéènì: GSNO, ìyẹn glutathione (mólékù kékeré kan inú sẹ́ẹ̀lì) tó ru nitric oxide, ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n glutathione àti purotéènì jọ ń gba nitric oxide lọ́wọ́ ara wọn ni. Bí GSNO bá ti ń tán, ti ara purotéènì náà á máa dín kù. GSNOR yìí ni mò ń wá.

Láti ṣe GSNO, mo po glutathione mọ́ sodium nitrite nínú ásíìdì, lórí áìsì. Kò pẹ́, omi tó mọ́ gaara di pupa bíi sobo tí wọ́n bu omi là. Mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Síbẹ̀ mo yára fi fọ́ìlì wé e, torí ìmọ́lẹ̀ a máa fọ́ ọ.

Mo lọ ẹ̀dọ̀ náà, mo fi ẹ̀rọ yí i, mo fa omi orí rẹ̀. Mo fi GSNO àti NADH sí i, mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ní nánómítà 340. NADH, mólékù tó ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ni GSNOR ń lò, NADH ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀ 340 yìí mọ́ra. Bó bá ń ṣiṣẹ́, nọ́mbà á máa wálẹ̀. Ó ń wálẹ̀ lóòótọ́! Mo pariwo.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó wa ò tíì bá mi yọ̀. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńsáìmù mìíràn ló ń jẹ NADH yẹn?" Ìbéèrè gidi ni, torí irú wọn pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀.

Iná lọ. A dúró de jẹnẹrétọ̀, gbogbo nǹkan wà lórí áìsì. Lẹ́yìn náà mo ṣe ọ̀kan tí kò ní GSNO: ó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò ní ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Mo yọ ìwọ̀nyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́, mo sì fi ìwé han Ẹ̀gbọ́n.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i." Ẹ̀dọ̀ ṣì kù nínú kúlà.