Igi tó Fún Àdúgbò Lórúkọ

Ẹ̀yin ará, mo ní àmọ̀ràn kan fún àwa tí a ń tọ́ ọmọ ní ìgboro. Bí ẹ bá ń mú wọn kọjá ní Ìdí-Àràbà ní Èkó tàbí Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn, ẹ bi wọ́n léèrè igi tí a fi sọ àdúgbò náà lórúkọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà pé orúkọ ibùdókọ̀ lásán ni. (Àwa àgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ.) Lẹ́yìn náà, ẹ wá igi náà lọ níbi tó bá ṣẹ́ kù sí, kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ìṣin ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Èso rẹ̀ a máa pọ́n, a sì là fúnra rẹ̀ lórí igi, tí kóró dúdú tó ń dán yóò yọjú lórí ara rẹ̀ tó funfun bíi wàrà. Ẹ kọ́ wọn níbẹ̀ pé èyí tí kò tíì là ní májèlé, àti pé a kì í jẹ kóró rẹ̀ rárá. Bí ẹ kò bá rí igi náà, ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù, kí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá.