Brighton Ni Ẹ Ń Lọ? Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Rélùwéè Láti London sí Etí Òkun

Bí oòrùn bá ti ràn ní London fún ọjọ́ méjì léra, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí dún. "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etí òkun ní Sátidé, ọ̀nà wo la máa gbà?" Brighton ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ. Nǹkan bí wákàtí kan ni láti ibùdókọ̀ Victoria, ọkọ̀ kì í wọ́n, ẹ ò sì ní máa pòòyì kiri wá ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí. Láti 1841 ni ojú irin yẹn ti ń gbé ará London lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, mo ti rí ìdílé tó fi ìbínú padà sílé, tí owó ìtanràn ti jẹ gbogbo ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún ìgbádùn, nítorí nǹkan kékeré tí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ ibi tí owó yẹn ti wá. Owó iṣẹ́ alẹ́ ni, owó ẹni tó dúró ti arúgbó di ìdájí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ má fi Oyster wọ ọkọ̀ Brighton

Èyí ló ń ná àwọn èèyàn wa lówó jù. Ní London, ẹ gbé káàdì Oyster lé ẹ̀rọ, géètì ṣí, ẹ wọlé. Kò sẹ́ni tó bi yín níbi tí ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yìí, pápákọ̀ òfurufú Gatwick ni Oyster parí sí. Tí ọkọ̀ bá ti kọjá Gatwick, ẹ ti wà nínú rẹ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, ẹ̀yìn tọkọtaya kan ni mo tò sí ní géètì Brighton. Bàbá náà gbé káàdì lé ẹ̀rọ, iná pupa tàn. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó tún gbé e lé e, iná pupa náà ni. Ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń wo ọkọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ dé, gbogbo ohun tí bàbá yẹn ń tẹnu mọ́ ni pé géètì ló ṣí fún òun ní London. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò gbà á sílẹ̀. Láti oṣù kíní ọdún 2023, ìtanràn ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ nínú rélùwéè England ti di pọ́ùn 100, wọ́n á sì tún gba owó ọkọ̀ àlọ lé e. Tí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21, pọ́ùn 100 yẹn á di 50. Ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o. Àwọn méjì ni tọkọtaya yẹn.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ Brighton sí kí ẹ tó kúrò nílé, tàbí kí ẹ rà á lójú fèrèsé ní ibùdókọ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín ní Freedom Pass, káàdì tí àwọn àgbàlagbà London fi ń wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Victoria fún wọn. Wọ́n ti ní ẹ̀tọ́ láti wọ rélùwéè lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ẹnu ààlà zone 6, ní ìpẹ̀kun London, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, àti nígbàkígbà ní Sátidé àti Sunday. Tíkẹ́ẹ̀tì láti "Boundary Zone 6" sí Brighton ni kí ẹ béèrè lójú fèrèsé. Wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n máa jókòó sí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń san owó apá ọ̀nà tí ìjọba ti san fún wọn.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì láìka ohun tí wọ́n kọ sí i

Tíkẹ́ẹ̀tì Brighton kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wọ́n jù máa gbé yín nígbàkígbà. Off-Peak dín owó kù, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù láàárín ọ̀sẹ̀. Òmíràn wà tó tún pọ́ọ́kú ju ìyẹn lọ, tí wọ́n kọ "Thameslink Only" tàbí "Southern Only" sí lára; oríṣi ọkọ̀ méjì tó ń lọ sí Brighton ni wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹni tó ra ti Thameslink á gba Victoria lọ, torí Victoria ló mọ̀. Thameslink kì í ti Victoria gbéra. St Pancras, Farringdon, Blackfriars àti London Bridge ni ẹ ti máa rí i. Ti Southern ló ń ti Victoria lọ. Ọkọ̀ Gatwick Express náà ń dé Brighton, Victoria ló sì ti ń gbéra, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá kọ "Not Gatwick Express" sí kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ Croydon tàbí Thornton Heath lẹ ń gbé, kí lẹ tún ń wá lọ sí Victoria? East Croydon ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ra Family & Friends Railcard. Pọ́ùn 35 ni lọ́dún. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó àgbàlagbà, àti ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó ọmọ ọdún 5 sí 15. Àgbàlagbà mẹ́rin àti ọmọ mẹ́rin ni káàdì kan lè gbà, bí ó bá ti jẹ́ pé ọmọ kan, ó kéré tán, wà pẹ̀lú yín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin tó ń jáde pọ̀, tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, ẹ béèrè GroupSave. Kò gba káàdì kankan, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó Off-Peak. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi Railcard ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó mú káàdì náà dání, kí bátìrì fóònù tó fi pamọ́ sí má sì kú. Bí wọ́n bá bi í tí kò rí i fi hàn, bí ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ṣe é.

Ẹ má pín ìdílé sí kóòṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà yìí máa ń já sí méjì. Wọ́n á dúró ní Haywards Heath, apá kan á gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí Hove, Worthing àti Littlehampton, apá kejì á gba ìlà oòrùn lọ sí Lewes àti Eastbourne. Kò sí èyí tó máa dé Brighton fúnra rẹ̀ nínú méjèèjì.

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí Màmá wa ti Ìbàdàn wá. Worthing là ń lọ lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ní ibẹ̀ parọ́rọ́. Ọkọ̀ kún. Àbúrò mi kó àwọn ọmọ síwájú níbi tó ti rí àyè, èmi àti Màmá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti ẹran díńdín. Wọ́n kéde lórí ẹ̀rọ, àmọ́ ìtàn ìgbéyàwó kan ní Mọ́kọ́lá ni Màmá ń sọ lọ́wọ́, ta ló máa gbọ́ ìkéde? Ọkọ̀ dúró. Ó mì díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ta á nípàá. Nígbà tí a tún gbéra, mo pe àbúrò mi pé kó wá gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ, ó ní ìsàlẹ̀ kóòṣì òun ti di ògiri, kò sí ẹ̀yìn mọ́.

Màmá dìde dúró. "Ṣé wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ ni?" Gbogbo kóòṣì ló yíjú sí wa. Mo di ọwọ́ wọn mú títí a fi dé Lewes, ibẹ̀ la ti sọ̀ kalẹ̀, a wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Brighton, a tún ti ibẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Worthing. Ó lé ní wákàtí kan kí Màmá tó fojú kan àwọn ọmọ. Ebi ti pa wọ́n, ọ̀dọ̀ wa sì ni oúnjẹ wà.

Nítorí náà, kóòṣì kan náà ni kí gbogbo yín wà, kódà bó bá gba pé kí ẹlòmíràn dúró. Lókè inú kóòṣì, ẹ̀rọ kan wà tí ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá lójú rẹ̀; ó máa sọ ibi tí kóòṣì yín gan-an ń lọ. Ẹ kà á kí ẹ tó tú ẹrù.

Ẹ má gbọ́kàn lé ọjọ́ Sunday láìwo ọ̀nà

Àwa, lẹ́yìn ìsìn la fẹ́ràn láti jáde. Sunday àti ọjọ́ ìsinmi báǹkì náà ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe. Ní oṣù kejì 2019, odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ti ọ̀nà láti Three Bridges dé Brighton. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń fi dípò, ọmọ tí ọkọ̀ ń kọ̀ lójú kì í gbádùn ìyẹn rárá. Ẹ wo ìkànnì National Rail lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún un wò láàárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ tí wọ́n bá ń ṣe àjọ̀dún Pride, èrò máa ń pọ̀ ní ibùdókọ̀ débi tí wọ́n á tò jáde sí títì. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré, kó mú ọjọ́ mìíràn.

Tí ẹ bá kúrò ní Balcombe, ẹ jí àwọn ọmọ. Orí afárá Ouse Valley lẹ fẹ́ gbà, afárá tó ní ọ̀nà abẹ́ 37, tí wọ́n fi bíríkì tó tó mílíọ̀nù 11 kọ́. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò lè rí bó ṣe lẹ́wà tó, àmọ́ ilẹ̀ á ṣàdédé ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àgùntàn á kéré bí owú.

Ẹ má rò pé iyanrìn lẹ máa bá

Ẹni tó ti Ẹlẹ́gúshì tàbí Bàdágírì wá gbọ́dọ̀ mọ èyí: òkúta wẹẹrẹ ló kún etí òkun Brighton láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo ti rí arábìnrin kan tó bọ́ bàtà, tó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tó sì jókòó sójú kan náà. Bàtà tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ le, tó sì lè wọ omi, ni kí ẹ mú dání. Ẹní tó nípọn tún ṣe pàtàkì ju agboòrùn lọ.

Òkúta yẹn dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sínú omi. Ẹsẹ̀ ọmọ lè kan ilẹ̀ báyìí, kó gbé ìṣísẹ̀ méjì, kó má kan ilẹ̀ mọ́. Omi náà tutù, àní nínú oṣù kẹjọ. Àárín àsíá pupa àti yẹ́lò ni àwọn ẹ̀ṣọ́ òkun ń ṣọ́, ibẹ̀ nìkan ni kí ọmọ yín wọ̀, kí àgbà kan sì dúró tì í nínú omi, kì í ṣe lórí ẹní. Ẹ tún bo kúlà yín: ẹyẹ òkun ibẹ̀ ò bẹ̀rù èèyàn, ọwọ́ ọmọ ló ti máa já ẹran gbà.

Ẹ má kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àìná

Àṣìṣe yìí kì í náni lówó, ṣùgbọ́n òun ló ń dùn mí jù. Láti ibùdókọ̀, gbogbo èèyàn á sọ̀ tààrà gba Queens Road lọ sí òkun. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibẹ̀, lójú ọ̀nà Dyke Road, ni ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas wà. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin Yorùbá kan, Àìná, ti ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862.

Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ní ilẹ̀ Yewa. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú náà ní 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú òun lẹ́rú lọ sọ́dọ̀ Ọba Ghezo. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á lọ́wọ́ ọba náà, ó sì mú un wá bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Orúkọ Forbes àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Ẹni tó fẹ́ ẹ ni James Pinson Labulo Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, tó di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Wọ́n sọ àkọ́bí wọn ní Victoria, ọbabìnrin sì ṣe ìyá ìsàmì fún un. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa ìyá náà, ní erékùṣù Madeira, ní 1880.

Àìná ni wọ́n ní orúkọ rẹ̀ nílé. Mo máa ń kó àwọn ọmọ dúró síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n pe orúkọ náà sókè.

Nígbà tí ẹ bá ń padà

Òkè ni ẹ máa gùn láti òkun dé ibùdókọ̀, ó sì máa ń rẹ ọmọ nígbà yẹn. Ẹ má dúró di aago márùn-ún sí méje, àsìkò tí gbogbo èèyàn ń lọ. Èmi máa ń kúrò ní aago mẹ́rin, tàbí kí n jẹun alẹ́ níbẹ̀ kí n sì wọ ọkọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ.

Tí ọkọ̀ bá gbé yín dé London pẹ̀lú ìdádúró ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí owó. Delay Repay ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ 28 sì ni ẹ ní láti béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdádúró wákàtí kan lè dá gbogbo owó ọkọ̀ àbọ̀ padà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa fẹ́ rí tíkẹ́ẹ̀tì, géètì London sì máa ń gbé ti bébà mì pátápátá. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì jókòó nínú ọkọ̀.